Princess Mononoke: ṣé ó yẹ kí á dárí ji Eboshi?

Olùfẹ́ Sinimá (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Princess Mononoke ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò, fíìmù aláwòrán tí Hayao Miyazaki darí ní iléeṣẹ́ Studio Ghibli, tí ó jáde ní ilẹ̀ Japan ní oṣù Keje ọdún 1997. Nílẹ̀ Japan nígbà náà, owó tó pa borí ti gbogbo fíìmù tó ṣáájú rẹ̀, títí Titanic fi dé tí ó gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún 2020 tí àwọn fíìmù Ghibli ti dé orí Netflix ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń rí i wò, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó wò ó kò ju pé àwòrán rẹ̀ dára lọ. Àwòrán rẹ̀ dára lóòótọ́. Ìjà inú rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí á sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ bí ó ṣe parí kí ó tó wò ó, kí ó dúró ná, nítorí n kò ní fi nǹkan kan pamọ́.

Ìtàn náà wáyé láyé àtijọ́, ní sáà tí àwọn ará Japan ń pè ní Muromachi. Ashitaka, ọmọ ọba abúlé kan tó fara pamọ́ sí ìlà-oòrùn, ta ẹlẹ́dẹ̀ igbó ńlá kan lọ́fà pa kí ó má baà run abúlé rẹ̀. Nago ni orúkọ ẹranko náà. Ẹbọra igbó ni tẹ́lẹ̀, kí ìrora àti ìkórìíra tó sọ ọ́ di ẹ̀mí burúkú. Kí ó tó kú, ó fi ègún sí ọmọkùnrin náà ní apá ọ̀tún, ègún tí yóò máa ràn títí yóò fi pa á. Ọta irin kan ni wọ́n bá nínú òkú rẹ̀. Ashitaka gun Yakkul, ẹran rẹ̀ tó jọ àgbọ̀nrín, ó forí lé ìwọ̀-oòrùn láti wá ibi tí ọta náà ti wá. Ibẹ̀ ló ti bá ìlú tí wọ́n ti ń yọ́ irin, tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Eboshi jẹ́ olórí rẹ̀. Eboshi ń gé igbó lulẹ̀ kí ó lè rí irin wa, àwọn ìkookò àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó tí wọ́n jẹ́ ẹbọra ibẹ̀ sì ń bá a jà. Láàárín wọn ni San wà, ọmọbìnrin tí Moro, abo ìkookò, tọ́ dàgbà.

Èrò tèmi ni pé Eboshi jẹ̀bi, fíìmù náà sì fọwọ́ rọ̀ ọ́ mú un. Òun ló yìnbọn lu Nago, nítorí náà òun gan-an ni orísun ègún Ashitaka. Òun ló tún yìnbọn já orí Shishigami, ẹbọra àgbà tí ìyè àti ikú gbogbo igbó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí, apá kan ṣoṣo ló pàdánù, ó sì jókòó láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, ó ní àwọn yóò tún ìlú tó dára kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀yin rí sí i?

Nọ́ọ̀sì Àgbà (èsì 1)

Ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á padà sí ilé kan tí ẹ fò dá nínú àlàyé yín. Lẹ́yìn tí Ashitaka dé ìlú irin, Eboshi mú un lọ sí ọgbà rẹ̀, níbi tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn dé. Inú ilé tó wà níbẹ̀ ni àwọn tí wọ́n fi aṣọ funfun di láti orí dé ẹsẹ̀ ti ń ṣe ìbọn. Adẹ́tẹ̀ ni wọ́n. Apá Ashitaka tí ègún wà lára rẹ̀ sáré mú idà fúnra rẹ̀, ó fẹ́ pa Eboshi lójú ẹsẹ̀, ọmọkùnrin náà sì ní láti fi ọwọ́ kejì dì í mú. Nígbà náà ni ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ láti orí àkéte. Kò lè dìde, ojú rẹ̀ kò sì ṣeé rí mọ́ lábẹ́ aṣọ. Ó bẹ Ashitaka pé kí ó má ṣe pa obìnrin náà, nítorí pé òun nìkan ló ka àwọn sí ènìyàn, tí kò bẹ̀rù àìsàn àwọn, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ẹran ara àwọn tó ń jẹrà, tí ó sì fi aṣọ dì í.

Mo ti tọ́jú àwọn tí àrùn yìí bá jà, mo sì mọ ohun tí ó jẹ́ fún wọn kí ẹnì kan fi ọwọ́ kàn wọ́n láìfà sẹ́yìn. Kì í ṣe ohun kékeré tí òǹkọ̀wé kàn fi ṣe ìtàn lọ́ṣọ̀ọ́. Ní ilẹ̀ Japan, òfin tó ní kí wọ́n máa ya àwọn adẹ́tẹ̀ sọ́tọ̀ wà nílẹ̀ títí di ọdún 1996, èyí ni pé ọdún kan péré kí fíìmù yìí tó jáde ni wọ́n fagi lé e, bẹ́ẹ̀ sì ni ìtọ́jú tó ń wo àrùn náà sàn ti wà tipẹ́tipẹ́. Miyazaki fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun lọ sí Tama Zenshoen, ilé ìtọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀ tó wà ní Tokyo, nígbà tí òun ń wá ọ̀nà tí ìtàn náà yóò gbà, àti pé ohun tí òun rí níbẹ̀ wọ òun lára. Ẹni tó fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo àwọn tí ayé kọ̀ sílẹ̀ kò lè fi Eboshi ṣe ìkà lásán. Ẹ ní ó fọwọ́ rọ̀ ọ́ mú un. Èmi ní ó fi òtítọ́ mú un.

Àgbẹ̀dẹ (èsì 2)

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti bí mi, ohun tó sì kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú ni ẹwìrì ìlú irin yẹn. Ẹwìrì tí a mọ̀ nílé ni èyí tí ọmọdé fi ọwọ́ méjèèjì fẹ́. Tiwọn níbẹ̀ jẹ́ pákó ńlá tí obìnrin púpọ̀ jọ dúró lé, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń kọrin. Wọ́n sọ fún Ashitaka pé ọjọ́ mẹ́rin àti òru márùn-ún ni àwọn fi ń tẹ̀ ẹ́ láìdáwọ́ dúró. Ọmọkùnrin náà bá wọn tẹ̀ ẹ́, ó fi agbára tẹ̀ ẹ́ jù, wọ́n sì sọ fún un pé kò ní pẹ́ tí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ gidi ni èyí. Tatara ni wọ́n ń pe irú ìléru bẹ́ẹ̀, agbègbè Izumo, tí ó wà ní Shimane òde òní, ló sì lókìkí jù fún un. Iyanrìn tí irin wà nínú rẹ̀ àti èédú ni wọ́n ń dà sí i lọ́wọ̀ọ̀wọ́, nígbà tí ó bá sì jinná, wọ́n á fọ́ ìléru amọ̀ náà kí wọ́n tó lè gbé irin jáde. Ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ yọ́ irin ni wọ́n ń mọ ìléru tuntun. Ẹ wá ro iye igi tí yóò di èédú kí irin ẹyọ kan tó jáde. Igbó kò lè ṣe kó má tán. Ẹni tó bá ń lo ọkọ́ àti àdá kò lè sọ pé ọwọ́ òun mọ́ nínú rẹ̀.

Ohun kan tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé nínú ìṣe àtijọ́ níbẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí obìnrin sún mọ́ ìléru rárá. Abo ni Kanayago, òrìṣà tí àwọn ayọ́rin ń bọ, wọ́n sì gbà pé ó máa ń jowú obìnrin. Nítorí náà, Miyazaki mọ̀ọ́mọ̀ yí i padà ni. Ó mú àwọn obìnrin tí Eboshi rà kúrò nílé aṣẹ́wó, ó fi wọ́n sí ibi tó gbóná jù tó sì lọ́lá jù ní ìlú náà. Wọ́n ní iṣẹ́ náà le, ṣùgbọ́n àwọn ń jẹun yó, ọkùnrin kò sì lè jẹ gàba lé àwọn lórí. Bí ẹ bá dá Eboshi lẹ́bi, ẹ sọ ibi tí àwọn obìnrin wọ̀nyí yóò padà sí.

Ìyá Ìbejì (èsì 3)

Ẹ̀yin àgbà, mo tọrọ gáfárà láti dá sí i. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rí i pé àwòrán ni kí ẹ wá fi ọmọ ọdún márùn-ún jókòó síwájú rẹ̀. Ọfà já apá jagunjagun sí ara igi nínú fíìmù yìí, orí ènìyàn sì ń fò.

Èkejì ni ìbéèrè kan tó ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí Ashitaka ń fi abúlé rẹ̀ sílẹ̀ lóru, Kaya, ọmọbìnrin tí ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, sáré tẹ̀ lé e, ó sì fún un ní ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n fi òkúta dídán ṣe, ó ní kí ó máa fi rántí òun. Ọ̀bẹ yẹn náà ni Ashitaka fi ránṣẹ́ sí San nígbà tó yá. Ẹ gbà mí o! Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn? Inú mi kò dùn sí i rárá, n kò sì tíì rí ẹni tó lè bá mi tú u.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn (èsì 4)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìkẹ́ ọmọ. N ó gbìyànjú láti dáhùn, ìdáhùn náà yóò sì kan ẹjọ́ Eboshi.

Kí Ashitaka tó lọ, ó gé irun orí rẹ̀ tí wọ́n dì níwájú ojúbọ. Láti ìgbà tí irun náà ti kúrò lórí rẹ̀, ó ti kú lójú òfin abúlé nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin ín dé ẹnu ọ̀nà, kò sì gbọdọ̀ padà wá mọ́ láé. Kaya rú òfin nígbà tó tẹ̀ lé e. Ó mọ̀ pé òun kò ní fojú kàn án mọ́, nítorí náà ẹ̀bùn tí a fún ẹni tí kò ní padà wálé ni ọ̀bẹ náà. Mo rí i pé Ashitaka fún San ní ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù tí ó fi jẹ́ ẹni tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí fún Kaya, kò sì sí ohun tó lè mú ìdùn yẹn kúrò, pàápàá nígbà tí ènìyàn bá mọ̀ pé òṣèré kan náà, Yuriko Ishida, ló fi ohùn sọ Kaya àti San ní èdè Japan.

Ohun tó kan Eboshi nìyí. Ọmọ Emishi ni Ashitaka. Àwọn Emishi wà ní ìlà-oòrùn àti àríwá erékùṣù ńlá Honshu kí ìjọba Yamato, ìjọba Japan àtijọ́, tó fi ogun tì wọ́n sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Nínú fíìmù náà, àwọn àgbà abúlé sọ pé ó ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún tí àwọn ti sá pamọ́ síbẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ àwọn sì ń dín kù. Nítorí náà, nígbà tí ọmọkùnrin yìí bá dúró láàárín ìlú irin àti igbó, tí kò gbà láti kórìíra ẹnikẹ́ni, kì í ṣe ẹni tí nǹkan rọ̀ lọ́rùn fún ló ń sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Ẹni tí wọ́n ti lé kúrò nílẹ̀ baba rẹ̀ ni, ẹni tí ègún ń jẹ lápá ni, òun gan-an ló sì ní ẹ̀tọ́ jù láti gbẹ̀san lára Eboshi. Bí ó bá kọ̀ láti gba ẹ̀tọ́ yẹn, kí ni àwa tó jókòó sórí àga fẹ́ fi gbà á fún un?

Ayàwòrán (èsì 5)

Olùfẹ́ Sinimá, ẹ ní ẹwà rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n inú àwòrán náà ni ẹjọ́ náà wà. Àwòrán bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógóje (144,000) ni wọ́n fi ṣe fíìmù yìí, Miyazaki sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin ṣe nínú wọn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni kọ̀ǹpútà bá wọn ṣe. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ọwọ́ kùn lọ́dà.

Ẹ wo ẹsẹ̀ Shishigami. Lọ́sàn-án ó dà bí àgbọ̀nrín, ìwo rẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀ka igi, ojú rẹ̀ sì fara jọ ojú ènìyàn. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀, koríko àti òdòdó hù lábẹ́ rẹ̀, wọ́n tan, wọ́n sì rọ kí ó tó gbé e kúrò. Kò sí ẹnì kan tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí Ashitaka fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ó wò ó sàn níbi ọta ìbọn, ó sì fi ègún sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹbọra tó ń fúnni tó sì ń gbà láìbínú ni. Kò dá Eboshi lẹ́jọ́ nígbà tó gbé ìbọn sókè. Ó wò ó, ewé sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára igi ìbọn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà rí i, ó sì yìn ín. Níbẹ̀ ni mo ti gbà pẹ̀lú yín pé ó jẹ̀bi.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn iwin igi kéékèèké funfun tí wọ́n ń pè ní kodama, tí orí wọn ń ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá mì í. Ìtàkùn àti èéhù orí àpáta tó yí wọn ká jọ ti erékùṣù Yakushima, níbi tí àwọn ayàwòrán náà lọ láti wo igbó.

Ará Òkè Òkun (èsì 6)

Amẹ́ríkà ni mo wà, mo sì rí i wò lórí ojú ìbojú IMAX nígbà tí wọ́n tún gbé e jáde ní ọdún 2025. Ẹ̀yin tó ti ń fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì wò ó, mo rọ̀ yín kí ẹ fi ohùn Japan wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin ni Akihiro Miwa tó fi ohùn sọ Moro, ohùn rẹ̀ wúwo, ó sì rinlẹ̀. Lóru, lórí àpáta, Ashitaka sọ fún Moro pé kí ó fi San sílẹ̀, nítorí pé ènìyàn ni. Ìkookò náà fi ìbínú dá a lóhùn. Àwọn ènìyàn tó wá ba igbó jẹ́ ló ju ọmọ ọwọ́ náà sí òun kí àwọn lè ráyè sá lọ. Ọmọ náà kò lè di ènìyàn mọ́, kò sì lè di ìkookò. Ó bi Ashitaka bóyá ó lè gbà á là. Ashitaka ní òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn lè jọ máa gbé ayé. Moro rẹ́rìn-ín sí i.

Mo mú èyí wá nítorí pé gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ àwọn tí Eboshi gbà là. Kò sí ẹni tó tíì bèèrè lọ́wọ́ San.

Olùfẹ́ Sinimá (èsì 7)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Nọ́ọ̀sì, n kò jiyàn pé Eboshi ṣàánú. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé àwọn adẹ́tẹ̀ tó wẹ̀ ló ń ṣe irú ìbọn tó fi yìn lu Nago. Àánú náà àti ìkà náà ń ti inú ilé kan náà jáde. Ó sì níbi tí àánú rẹ̀ mọ. Nígbà tí àwọn ìkookò kọlu àwọn tó ń kó ìrẹsì bọ̀ lẹ́bàá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, àwọn ọkùnrin kan já sísàlẹ̀. Eboshi ní kí wọ́n máa lọ, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Ashitaka, àlejò tí kò mọ̀ wọ́n rí, ló gbé wọn wálé.

Àgbẹ̀dẹ, ẹ bi mí ibi tí àwọn obìnrin yóò padà sí. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ará Òkè Òkun ti bi ẹ̀yin náà ní ìkejì rẹ̀. Ní ìparí, koríko tútù bo òkè náà, San sì sọ pé bí ó tilẹ̀ hù padà, kì í ṣe igbó Shishigami mọ́. Ó ní òun fẹ́ràn Ashitaka, òun kò sì lè dárí ji ọmọ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbà. Ashitaka ní Shishigami kò kú, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni ìyè, èmi kò sì lè bá a dé ibẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ojú mi rí.

Àgbẹ̀dẹ (èsì 8)

Ó dára, ẹ jẹ́ kí n mú ẹnì kan wá sílé ẹjọ́ tí gbogbo wa gbàgbé. Ta ló fẹ́ orí Shishigami? Kì í ṣe Eboshi. Ọba ńlá ilẹ̀ Japan ni, nítorí pé wọ́n sọ fún un pé orí náà yóò jẹ́ kí ó wà láàyè títí láé. Jigo, ọkùnrin aláṣọ àlùfáà tó bá Ashitaka se ìrẹsì jẹ lójú ọ̀nà, ló wá ṣe iṣẹ́ náà fún un pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Eboshi fi ìwé náà han àwọn obìnrin ìlú irin, wọn kò sì mọ ẹni tí ọba náà jẹ́. A kò rí ojú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù dé òpin. Eboshi pàdánù apá, Moro kú, Okkoto afọ́jú tó kó àwọn ẹlẹ́dẹ̀ igbó wá láti Kyushu kú pẹ̀lú gbogbo ọmọ ogun rẹ̀, ìlú irin jóná. Ọba wà láàfin rẹ̀. Jigo sì ń rẹ́rìn-ín lọ.

Àwọn oníbọn tí Jigo yá a ni Eboshi nílò, nítorí pé olóyè Asano ti rán àwọn samurai, ìyẹn àwọn jagunjagun rẹ̀, wá gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí olóyè ń lé níwájú, tí ọba sì ń pè lẹ́yìn, kí ni kí ó ṣe?

Nọ́ọ̀sì Àgbà (èsì 9)

Ẹ ṣé, Àgbẹ̀dẹ, ẹ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Olùfẹ́ Sinimá, ẹ tún apá ìparí wò kí ẹ sì fetí sí ohùn Eboshi dáadáa. Ó ní kí ẹnì kan lọ pe Ashitaka wá. Ó ní ìyàlẹ́nu ni pé ẹ̀yìn ìkookò ni òun gùn tí òun fi yè, àwọn ọmọ Moro, àwọn tí òun yìnbọn lu ìyá wọn.

Olùfẹ́ Sinimá (èsì 10)

Mo ti tún un wò, Nọ́ọ̀sì. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo sì gbà pé ohun kan ti yí padà nínú rẹ̀. Àgbẹ̀dẹ, ẹjọ́ ọba tí ẹ pè, mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ṣùgbọ́n ewé hù lára ìbọn yẹn kí ó tó yìn ín, ọba kò sì sí níbẹ̀.